Ẹ̀gbọ́n Mi Lọ́jọ́ Ìwẹsẹ̀

Kí n má purọ́ fún yín: kì í ṣe ìdáríjì ló gbé mi dé ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde lọ́dún náà. Ẹ̀san ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ta oko kòkó Bàbá wa lẹ́bàá Àkànràn fún àwọn tó ń kọ́lé, ó tà á tòun ti ibojì. Abẹ́ ilé olónílé ni Bàbá wà báyìí. Ìyá wa sunkún ọ̀rọ̀ náà títí wọ́n fi kú. Àwọn èèyàn a máa ní okùn ọmọ ìyá yi. Tiwa já.

Nínú ìjọ Aládùúrà wa, ẹni tí kò bá wẹsẹ̀ kì í jẹ oúnjẹ Olúwa. Bí ẹni méjì bá ń bínú síra wọn, wòlíì a fi wọ́n kojú ara wọn. Àbúrò ni yóò kọ́kọ́ wẹ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé wọn yóò pè wá. Ohun tí mo gbèrò ni pé, tó bá ti ká ṣòkòtò sókè, tó na ẹsẹ̀ sórí abọ́, màá dìde, màá fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Alàgbà ìjọ ni. Kí gbogbo ìjọ wò ó pẹ̀lú ẹsẹ̀ gbígbẹ. Èrò náà ń dùn mọ́ mi bí àádùn.

Wòlíì pè wá lóòótọ́. Bí mo ṣe gbé abọ́ omi dé, ẹ̀gbọ́n mi gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní kí n jókòó, ó sì kúnlẹ̀. Olórí ewú, níwájú àbúrò rẹ̀ obìnrin. Wòlíì ní bí a ti ń ṣe é kọ́ nìyẹn. Ẹ̀gbọ́n mi mú ẹsẹ̀ mi.

Ó sọ ọ́ sókè kí gbogbo ìjọ lè gbọ́: “Àbúrò mi, mo ta oko Bàbá, mo ta ibojì wọn mọ́ ọn. Èmi ni mo pa Ìyá lẹ́kún. Mo bẹ̀ ọ́.”

Inú bí mi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìtìjú tí mo fẹ́ fi kàn án, ó ti fọwọ́ ara rẹ̀ mú un.

Nígbà tó kàn mí, mo fọ ẹsẹ̀ náà bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò tó jóná. Kò fà á sẹ́yìn. Mo ní, “Ẹ dìde, mo ti gbọ́.” A jẹ, a mu.

Ìjọ ní mo ti dárí jì í. Bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí mo mọ̀ ni pé oko ti lọ, Ìyá ti lọ, ẹ̀san tí mo fi ń tu ara mi nínú náà ti lọ. Ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló ṣẹ́kù fún mi.