Ilé Tí Kò Pariwo ní Okokomaiko

Dókítà ní kí n lọ wá ibi tó dákẹ́. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ní kí n lọ ra iyọ̀ wá. Ẹ̀jẹ̀ mi ti ru débi pé nọ́ọ̀sì wọ̀n ọ́n tán, ó tún un wọ̀n, ó wá lọ pe ọ̀gá rẹ̀. Àìsàn yìí kan náà ló gbé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣubú. Títí di òní, ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń jẹun. Ẹ̀rù bà mí, n ò ní purọ́.

Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ àti fọ́tókọ́pì ni mò ń ṣe ní Iyana-Iba, lẹ́bàá géètì yunifásítì. Kò sí nǹkan tó dákẹ́ níbẹ̀ àfi inú àpò mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa ké "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, òní ni wọ́n ń gbà á o," jẹnẹrétọ̀ mi á máa bú, ti aládùúgbò mi á máa dá a lóhùn. Ọmọ mi tó wà nílùú òyìnbó ló ní kí n wá ilé yógà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń fara balẹ̀, pé lọ́dọ̀ àwọn, kò sí àdúgbò tí kò ní. Àdúgbò tiwa, ṣọ́ọ̀ṣì ló ní.

Mo wá a títí. Ẹnì kan júwe ilé ìdárayá kan fún mi lọ́nà Àlàbá. Mo débẹ̀, àwọn géńdé ni mo bá tí wọ́n ń gbé irin, tí wọ́n ń ké bí ẹni tó ń rọbí. Ìgbà tó yá ni mo rí ọ̀kan ní Okokomaiko, yàrá ńlá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ọ̀dọ́bìnrin kan ló ń kọ́ni níbẹ̀. Lọ́sàn-án, nígbà tí ìjọ tó wà nísàlẹ̀ bá ti túká, àwa obìnrin díẹ̀ á tẹ́ ẹní, a á dùbúlẹ̀, a á dijú, a á máa mí. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n fẹ́ fọgbọ́n gba owó mi ni, torí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ni mo ti ń mí lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, ẹ̀jẹ̀ ti wálẹ̀. Inú mi dùn, mo ra ẹja ńlá lọ sílé.

Àṣé àdúgbò ti ń ṣọ́ wa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, lánlọ́ọ̀dù àti ìyàwó wọn gòkè wá. Ọmọ onílẹ̀ Ọ̀jọ́ ni bàbá náà, àgbàlagbà tí kì í jà. Wọ́n wò wá níbi tí a nà gbalaja sí.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbí?"

Olùkọ́ wa kúnlẹ̀. "À ń mí ni, Bàbá."

Wọ́n yíjú sí ìyàwó wọn. "Wọ́n ní àwọn ń mí."

Bàbá wá là á yé wa. Àwọn ń gbọ́ ìjọ ìsàlẹ̀, àwọn ń gbọ́ mọ́ṣáláṣí, àwọn ń gbọ́ ẹni tó ń lọ ata. Àwa nìkan là ń rọ́ wọlé, tí a ó tilẹ̀kùn, tí ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ nǹkan kan. "Ṣebí ẹni tí kò bá ṣe ibi, aráyé á máa gbọ́ ohùn rẹ̀." Àwọn ayálégbé ti ń sọ pé ẹgbẹ́ òkùnkùn ni wá. Kí àdúgbò máa gbọ́ wa, tàbí kí a kó jáde.

Ẹ gbọ́ mi ná. Ìjọ tó ń fi gbohùngbohùn jí òkú lóru, ẹnikẹ́ni ò fẹjọ́ wọn sùn rí. Ọkùnrin tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe nídojúkọ wa, èèyàn dáadáa ni wọ́n ń pè é. Àwa tí a dákẹ́ la wá di ọ̀daràn. Inú bí mi.

Olùkọ́ wa ò rí yàrá mìíràn. Ó lọ sí Àlàbá, ó ra sípíkà gàgàrà kan, ó so ó mọ́ fèrèsé, ó kọ ẹnu rẹ̀ sí títì. Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Bí a bá ti tẹ́ ẹní báyìí, orin ìyìn á bẹ̀rẹ̀, ilẹ̀ á máa mì lábẹ́ ẹ̀yìn wa. Olùkọ́ á figbe ta pé kí a fara balẹ̀, ẹnì kan á sì figbe béèrè pé kí ni wọ́n wí.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì tún wọ̀n mí, ẹ̀jẹ̀ náà ti ga ju ti àkọ́kọ́ lọ. Dókítà fi òògùn kún òògùn mi, ó ní ṣé n ò wá ibi tó dákẹ́ náà ni. Mo ní mo wá a, mo tiẹ̀ rí i.

Mo ti ibẹ̀ gba kíláàsì lọ, àpò òògùn wà lọ́wọ́ mi. Ìyàwó lánlọ́ọ̀dù ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu géètì, wọ́n ń mi orí sí orin wa. Wọ́n kí mi tẹ̀ríntẹ̀rín. Wọ́n ní kí a má bínú ti ìjọsí, pé láti ìgbà tí àwọn ti ń gbọ́ ohùn wa ni ọkàn àwọn ti balẹ̀.