Kútẹ́ẹ̀sì Abẹ́ Bátìrì

Ọmọ òṣómàáló ni Julianah Akínkúnmi. Bí baba rẹ̀ ṣe ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà àwọn tó bá ra aṣọ rẹ̀ láwìn láyé ijọ́un, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ń lóṣòó ti gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ n'Íléṣà. Bí bíríkìlà ń mọ ògiri, ojú rẹ̀ á wà lára sìmẹ́ńtì. Òótọ́ ni pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí, ṣùgbọ́n ti Julianah ti fẹ́ pọ̀ jù.

Lọ́dún 1998, ẹ̀rọ mónógíráàmù tó fi ń ṣọnà sára aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Sàláúdéènì, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe l'Óṣogbo, wá wò ó. Ó ní bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ ni, pé báyọ́ọ̀sì rẹ̀, ìyẹn ètò kékeré tí bọ́ọ̀dù fi ń jí láràárọ̀, ti gbó. Ó fi dísìkì gbé tuntun sí i. Lẹ́yìn náà ló pa iná, ó yọ bátìrì pẹlẹbẹ kan tó rí bíi kọ́bọ̀ síta, èyí tí ẹ̀rọ fi ń rántí nǹkan bí iná bá lọ.

"Ẹ jẹ́ kó gbàgbé ti àtijọ́ ná, mà. Mo fẹ́ lọ kírun, mo ń bọ̀."

Kó gbàgbé kẹ̀? Ta ló ń sanwó kí nǹkan ẹni gbàgbé? Ọkàn Julianah ò balẹ̀ rárá. Kí Sàláúdéènì tó dé, ó ti mú kútẹ́ẹ̀sì pupa Tèmi, ọmọ rẹ̀, ó tọ́ ọ sára gbogbo ohun tó ṣeé pààrọ̀. Ti bátìrì, abẹ́ ló kùn ún sí, kí olè má baà rí àmì.

Sàláúdéènì dá bátìrì padà, ó to gbogbo ètò, ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ dalẹ́. Nígbà tí iná lọ tó tún dé, ẹ̀rọ ò rántí nǹkan kan mọ́. Ó ní ọdún 1980 la wà.

"Ó ti pààrọ̀ bátìrì mi!"

Julianah ò tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò kó tó figbe bọnu. Kò pẹ́ tí gbogbo aláṣọ Iléṣà fi gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ pé olè ni Sàláúdéènì, kí wọ́n máa fi kútẹ́ẹ̀sì sàmì sí nǹkan wọn, ọ̀rọ̀ náà sì dé Òṣogbo. Lẹ́yìn náà ló wá pe Micah, ọmọ ìjọ wọn tó mọ kọ̀ǹpútà, kó wá ṣe ẹlẹ́rìí.

"Mo sàmì sí tèmi. Yí i padà, o ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀."

Micah yọ bátìrì, ó yí i padà. Ó pupa roro.

"Tiyín náà nìyí, mà. Kútẹ́ẹ̀sì ni ò jẹ́ kó fara kan irin, agbára rẹ̀ ò dé inú bọ́ọ̀dù."

Ó fi bíléèdì ha á. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ ò gbàgbé nǹkan mọ́. Ojú ti Julianah.

Ó wọkọ̀ lọ sí Òṣogbo. Oníbàárà kan ṣoṣo ló bá ní ṣọ́ọ̀bù Sàláúdéènì: Bándélé, aláṣọ bíi tirẹ̀ n'Íléṣà, tó fa àga mọ́ ọmọkùnrin náà gbágbá, tó ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ìgò kútẹ́ẹ̀sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Tèmi, bí ẹ ṣe wí náà ni mo ṣe o!"

Julianah kọjú sí ọmọkùnrin náà. "Sàláúdéènì, èmi ni mo jẹ̀bi. Kútẹ́ẹ̀sì mi ló ba iṣẹ́ rẹ jẹ́. A ti ha á kúrò."

Sàláúdéènì ò gbójú sókè. "Ẹ ṣé, mà. Èyí tí ẹ kùn sára orúkọ mi ńkọ́?"

Julianah gba ìgò náà lọ́wọ́ Bándélé, ó bọ́ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì lóṣòó síbẹ̀ bíi baba rẹ̀. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń pè: "Ẹ dúró, ẹ gbọ́. Mo purọ́ mọ́ ọmọ yìí."