Bọ̀dá Múfú Fi Ọwọ́ Rìn Lọ́jọ́ Iléyá

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí à ń gbé ní abúlé kan nítòsí Akanran, ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí lẹ́yìn ilé wa ni gbogbo àwa ọmọdé ti ń ṣeré. Sìmẹ́ǹtì ni wọ́n fi tẹ́ ẹ, oòrùn a sì ti yan án débi pé bí ilẹ̀ bá tilẹ̀ ti ń ṣú, ó ṣì máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà ní oko kòkó, ẹ ó rántí òórùn rẹ̀, bí ẹ̀kọ kíkan tí ẹnì kan bu ṣúgà sí.

Àmọ́ iṣẹ́ ló kọ́kọ́ máa ń wà nílẹ̀. Bí a bá ti ilé ìwé dé, tí a mu gàrí tútù pẹ̀lú ẹ̀pà tán, màmá wa á ti kó ẹ̀gẹ́ kalẹ̀ fún èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin láti bó. Múfútáù lorúkọ rẹ̀, Bọ̀dá Múfú ni mò ń pè é, torí bí mo bá pe orúkọ rẹ̀ lásán, ẹ̀yìn ọwọ́ màmá wa á bà mí lẹ́nu. A ó bó ẹ̀gẹ́ náà wàràwàrà, ara èèpo rẹ̀ á kún fún ẹran ẹ̀gẹ́ tí ọ̀bẹ wa ti gé mọ́ ọn. Màmá wa á ní àwa àti ewúrẹ́ ti jọ mulẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ni a ó sáré lọ bá Bọ̀dá Láyí.

Bọ̀dá Láyí ti gbé Ìbàdàn rí. Wọ́n bá àwọn kan rìn tí wọ́n máa ń ta òkìtì káàkiri ilé ìwé, kí wọ́n tó padà wálé wá dáko. Wọ́n lè fi ọwọ́ méjèèjì rìn yí ibi ìsákòkó náà ká, kí èémí wọn má sì yí padà. Gbogbo wa la fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe lọ́jọ́ kejì. Bọ̀dá Láyí rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí a lọ rọ̀ mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò.

A rọ̀ mọ́ ọn títí igi náà fi so, tí a sì jẹ èso rẹ̀ tán. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó ní kí a fi ọwọ́ tẹlẹ̀, kí a gbé ẹsẹ̀ sára ògiri, kí a kàn dúró bẹ́ẹ̀. Òjò bẹ̀rẹ̀, òjò dá, ara ògiri náà la ṣì wà. Ẹni tó bá ní ọwọ́ ń ro òun, wọ́n á ní kó lọ jókòó, kó máa jẹ àgbàdo sísun. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé ẹran ara ọmọdé ń yára le, àmọ́ oríkèé kì í bá a yára, oríkèé náà sì ni kí a máa dúró dè. Kò yé mi rárá nígbà náà. Ohun tó yé mi ni pé orí ni mo fi ń balẹ̀, irun ṣùkú mi kì í sì í gbé eruku tì.

Ṣé ẹ rántí ìyà ilé ìwé ìgbà yẹn? Ká fi ìka kan tọ́ ilẹ̀, ká gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ká jókòó sórí àga tí kò sí níbẹ̀, kí tíṣà máa fi pàṣán rìn yí wa ká. Àwa ọmọ ẹ̀yìn Bọ̀dá Láyí ò ka gbogbo ìyẹn sí nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́ kan, tíṣà rí i pé ẹ̀rín ni Bọ̀dá Múfú ń rín nínú ìyà, ni wọ́n bá ní kó dìde, wọ́n wá nà án. Ìyẹn dùn ún dáadáa.

Nígbà tó yá, ó ti sú àwa yòókù, a ti padà sídìí bọ́ọ̀lù. Bọ̀dá Múfú nìkan ló kù. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó yọ ẹsẹ̀ kúrò lára ògiri, ó sì fi ọwọ́ rìn díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀. Inú Bọ̀dá Láyí dùn. Wọ́n ní kó má ì rìn jìnnà, kó má sì kúrò lórí sìmẹ́ǹtì. Wọ́n ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀, àwọn á mú un lọ bá àwọn ẹgbẹ́ àwọn àtijọ́ ní Ìbàdàn, kí ó máa bá wọn rìn nígbà ìsinmi. Láti ọjọ́ náà, Bọ̀dá Múfú ò sọ ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́. Bó bá ń jẹun, Ìbàdàn ni. Bó bá ń pọnmi, Ìbàdàn ni.

Bàbá wa fẹ́ràn ọmọ wọn yìí, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìfẹ́ náà ló sì kó bá a. Wọ́n lọ kí àwọn àna wọn, wọ́n sì sọ níbẹ̀ pé lọ́jọ́ Iléyá, Múfú á fi ọwọ́ rìn láti yídì dé ojúlé wa. Ta ló fẹ́ kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ jẹ lójú àna? Bọ̀dá Láyí gbọ́, wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá wa.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ọ̀nà yẹn jìn, òkúta sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di Iléyá tó ń bọ̀.”

“Láyí, ṣé ó lè rìn àbí kò lè rìn?”

“Ó lè rìn, bàbá, àmọ́...”

“Ó tán nìyẹn.”

Ó rìn ín lóòótọ́. Bí a ṣe kírun tán, ó ki ẹnu bùbá rẹ̀ bọ inú ṣòkòtò, ó sì dorí kodò. Àwọn èèyàn ń pariwo, wọ́n ń ṣe kábàrà, èmi náà pariwo títí ohùn mi fi há. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti ń gbọ̀n kó tó dé ìdajì ọ̀nà. Ó dé ojúlé wa, bàbá gbé e sókè, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn fi ẹ̀dọ̀ àgbò sí i lẹ́nu.

Kí oòrùn tó wọ̀, ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún ti wú. Bàbá gbé omi kaná, wọ́n fi òrí wọ́ ọ fún un, wọ́n ń rọra ṣe é, wọ́n ń kì í. Ó rọ̀ ọ́. Nígbà tó rọ̀ ọ́, gbogbo wa gbà pé ó ti san. Àwọn tó ń kómọjáde bẹ̀rẹ̀ sí í wá bẹ bàbá pé kí Múfú wá fi ọwọ́ rìn fún àwọn náà. Á lọ, á wú, wọ́n á wọ́ ọ, á rọ̀, á tún lọ. Ó ń bọ̀ wá di ọjọ́ kan, apá náà ká kò, kò sì nà mọ́. Bọ̀dá Láyí fọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ náà, wọ́n kọrí sílé. Kò sẹ́ni tó dárúkọ Ìbàdàn nílé wa mọ́.

Ó ṣì máa ń dùn mí. Lóde òní, ọmọ mi ń wo àwọn tó ń fa ara wọn sókè lórí irin nínú fóònù, ó fẹ́ mọ̀ ọ́n ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ní Ẹgbẹ́dá tí à ń gbé, ibì kan wà tí wọ́n ti ń kọ́ wọn, wọ́n tẹ́ tìmùtìmù sílẹ̀, bí apá bá sì ń ro ọmọ, ọsibítù ò jìnnà. Àwa ò ní nǹkan kan nínú ìwọ̀nyẹn. Ẹnì kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n la ní, a ò sì gbọ́ tirẹ̀. Bí mo bá ní kí ọmọ mi rọra, á ní mọ́mì ò mọ nǹkan kan. Mo máa ń fẹ́ sọ ìtàn ẹ̀gbọ́n mi fún un, ẹkún ò sì ní í jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

Bàbá wa ṣubú láìpẹ́ yìí, ẹsẹ̀ wọn kan ò ṣe dáadáa mọ́. Dókítà ní kí wọ́n máa dìde lórí àga, kí wọ́n máa tún jókòó, díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bọ̀dá Múfú ló ń ṣe é pẹ̀lú wọn. Lọ́jọ́ tí mo lọ kí wọn, bàbá ń kánjú, wọ́n ní Jímọ̀ ti dé tán, àwọn fẹ́ fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí.

“Ó tó báyìí, bàbá. Ó dọ̀la.”

“Mo lè ṣe é, Múfú.”

“Mo mọ̀ pé ẹ lè ṣe é. Ẹ ṣáà jókòó.”

Bàbá jókòó. Wọ́n wo apá rẹ̀ tó ká kò.

“Ìwọ náà lè ṣe é nígbà yẹn,” ni wọ́n wí. “Èmi ló yẹ kí n ní kí o jókòó.”