Okùn Ìsáṣọ Lẹ́yìnkùlé ní Savè

Òórùn aṣọ tí kò gbẹ dáadáa ni mo fi ń rántí Savè. Yàrá kan náà lèmi àti ọmọbìnrin onílé wa, tó di ọ̀rẹ́ mi, jọ ń sùn, nígbà tí ìjọba gbé bàbá mi, tó jẹ́ olùkọ́, wá síbẹ̀ láti Pobè. Abẹ́ ibùsùn la máa ń sá aṣọ nǹkan oṣù wa sí, kí ọkùnrin kankan má baà rí i. Lásìkò òjò, tí ìkùukùu bá sọ̀ kalẹ̀ sórí àwọn òkè àpáta tí gbogbo ìlú wá dà bí àlá, aṣọ náà kì í gbẹ bọ̀rọ̀.

Ọ̀rẹ́ mi yìí ò ní ju aṣọ nǹkan oṣù méjì lọ. Bí wọn ò bá gbẹ, á jókòó sílé, torí káákì ilé ìwé kì í bo ẹ̀jẹ̀. Bàbá rẹ̀ rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é. Ó ní tó bá tún pa ilé ìwé jẹ, abúlé wọn ní Sakin ló ń lọ, kó lọ máa bá ìyá àgbà kọ ebè iṣu. Ẹni tó mọ ìṣirò jù wá lọ ni wọ́n ń sọ bẹ́ẹ̀ fún o. Aṣọ rírọ̀ wà lọ́jà, àmọ́ owó tíkẹ́, ìyẹn owó orí ọjà tí ìjọba ń gbà lórí rẹ̀, ti sọ ọ́ di ọ̀wọ́n.

Làwa ọmọbìnrin kọlẹ́jì bá ní a ó sọ ọ́ nípàdé ìlú, níwájú délégé, aṣojú ìjọba nílùú: kí wọ́n yọ owó tíkẹ́ kúrò lórí ìlédìí ọmọ ọwọ́ àti lórí tiwa. Ọ̀rẹ́ mi ló dìde. Ó sọ ti ìlédìí, àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ló tajú kán rí bàbá rẹ̀ níwájú, ó sì dá ọ̀rọ̀ dúró lórí "àti".

"Àti kí ni, kamaradi?" ni délégé bi í; kamaradi, ìyẹn ẹlẹgbẹ́, ni ìjọba ìgbà náà ní kí gbogbo wa máa pe ara wa.

"Àti aṣọ tá a fi ń ṣe nǹkan oṣù, ẹ jọ̀ọ́. Tí tèmi ò bá gbẹ, mi ò lè wá sílé ìwé."

Ojú tì mí fún un, ilẹ̀ ni mò ń wò. Délégé wúkọ́, ó ní òun á yọ ti ìlédìí, òun á sì béèrè ti kejì ní Kútọnu. Èsì yẹn ò dé títí a fi kúrò ní Savè.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, a gbọ́ tí nǹkan ń dún kọ̀, kọ̀, lẹ́yìnkùlé. Bàbá ọ̀rẹ́ mi ló ń kan ìṣó mọ́ igi kajú. Ó na okùn láti ibẹ̀ dé ara ògiri, níbi tí oòrùn ti ń mú jù, tí gbogbo ará ilé sì lè rí. Kò wojú wa.

"Ibí ni kí ẹ máa sá gbogbo ẹ̀ sí," ló wí, ó sì gbé ọkọ́ rẹ̀, ó gba oko lọ.

Ọ̀rẹ́ mi ò lọ Sakin. Ó kàwé dópin, mo sì fẹ́ràn bàbá yẹn títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a ò sọ̀rọ̀ náà mọ́ láé. Torí owó la ṣe lọ bá wọn jà, wọn ò sì yọ tiwa. Àmọ́ ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ ká aṣọ mi lórí okùn, ó gbẹ, ó ṣì ń gbóná lọ́wọ́ mi.