Màrìwò Lójú Ọ̀nà Wa

Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí lára aṣọ ìyàwó mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Oyún rẹ̀ ò tíì tó bí. Nọ́ọ̀sì tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní kó dùbúlẹ̀, kó má rìn rárá, ká pe áńbúláǹsì. A pè é. Dírẹ́bà lóun ti kọjá Ajara, òun ò jìnnà sí wa mọ́, lẹ́yìn náà a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Mo ń pe nọ́ńbà rẹ̀ ṣáá.

Nígbà tó yá, ó pè padà. "Ọ̀gá, wọ́n ti so màrìwò dí ọ̀nà yín o. Ọmọ ìlú Ajido ni mí, mi ò lè fi mọ́tò já màrìwò. Mò ń padà."

"Ẹ má padà! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ dúró dè mí!"

Mo sáré jáde. Lóòótọ́, okùn kan wà láti òpó iná dé ara igi àgbọn, màrìwò tútù rọ̀ lára rẹ̀. Èkìtì ni wọ́n bí mi sí, kò sẹ́ni tó máa túmọ̀ ìyẹn fún mi. Alága àwọn onílé jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí orò kankan," ó ní. "Kọnkéré la ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sórí gọ́tà. Àwọn ọlọ́kadà ò kà wá sí, màrìwò nìkan ni wọ́n ń bẹ̀rù."

"Ta ló máa wá tú u?" dírẹ́bà béèrè láti òdìkejì okùn. Alága ò dìde.

Èmi ni mo tú u. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, mi ò gba alága gbọ́ tán. Táyà rì sínú kọnkéré tútù, ọkọ̀ kọjá, alága ń pariwo pé òun á pè mí lẹ́jọ́.

Ní ọsibítù, wọ́n yọ ọmọ náà láàyè, ìyá rẹ̀ náà sì yè. Àbúrò mi tó jẹ́ lọ́yà ní kí alága máa bọ̀ ní kóòtù. "Ta ló fún un láṣẹ láti dí ọ̀nà ìjọba? Ká ní ìyàwó yín kú ni, ọrùn rẹ̀ ni ẹjọ́ náà máa wà." Alága gbọ́, kò sì pè mí lẹ́jọ́ mọ́.

Mo fayọ̀ ròyìn rẹ̀ fún ìyàwó mi bó ṣe ń fọ́mọ lọ́mú. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ká ní orò gidi ni ńkọ́?" ó bi mí. "Ṣé ò bá tú u?"