Ọ́ìlì Tí Ràmọ́tà Kò Fẹ́ Jí

Obìnrin mẹ́ta péré ni mo mọ̀ rí tó ń fi píkọ́ọ̀pù kó ẹ̀gẹ́ láti Ìjẹ̀bú-Ìmùṣin wá sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀kan ti ta ọkọ̀ tirẹ̀. Ọ̀kan lọ fẹ́ ọkùnrin tí kò fẹ́ kí ó wakọ̀ mọ́. Ràmọ́tà ló kù. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni, opó ni, kì í pariwo, kì í sì í pẹ́. Èmi tí mo ń yan gààrí ló ń kó ẹ̀gẹ́ wá fún, èmi àti àwọn obìnrin mẹ́rin mìíràn. Bí a bá pè é ní Àlájà, á ní òun kò tíì dé Mẹ́kà o, pé gbogbo ìgbà tí òun bá ti múra ìrìn àjò náà ni táyà ń bẹ́.

Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kí ó tó kọ́ ọkọ̀ wíwà. Nítorí orúnkún òsì rẹ̀ tó ń dùn ún, ọkọ̀ tó ń pààrọ̀ gíà fúnra rẹ̀ ló rà, kí ẹsẹ̀ kan máa sinmi. Ọkùnrin tó tà á fún un kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ ọ́ìlì inú gíà náà láéláé. Ó ní ọ́ìlì tó bá ti pẹ́ nínú gíà ti sùn, bí a bá jí i, gíà á kú. Gbogbo awakọ̀ tí Ràmọ́tà bi léèrè ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó sì di òfin mú fún ọdún mẹ́sàn-án, ju bí àwa kan ṣe ń di Òfin Mẹ́wàá mú lọ.

Kì í ṣe pé kò tọ́jú ọkọ̀ o. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, kí ó tó lọ kírun Jímọ̀, ó máa ń fọ̀ ọ́ tó fi jẹ́ pé èèyàn lè wo ara ilẹ̀kùn rẹ̀ wé gèlè. Àmọ́ òǹkà kìlómítà rẹ̀ ti kọjá ọ̀kẹ́ méjìdínlógún. Mo ní kí Joel ọmọ mi bá mi ṣírò rẹ̀, ó ní ó tó kí èèyàn yí ayé po lẹ́ẹ̀mẹsàn-án. A ò sì tíì kọjá Ìmùṣin.

Lọ́dún tó kọjá ni gíà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ẹ̀kì. Bí ó bá ti ń bọ́ láti ìkejì sí ìkẹta, ọkọ̀ á ta bí ìbaaka tí eṣinṣin jẹ. Mo bá a wá láti Ìmùṣin lọ́jọ́ kan, mo ka Sáàmù mẹ́rin kí a tó dé Òde, kì í sì í ṣe ìfẹ́ Sáàmù nìkan ló mú mi kà wọ́n. Mẹkáníìkì kan lẹ́bàá Odògbolú ní gíà ti kú, kí ó lọ wá tòkúnbọ̀ mìíràn. Onírin kan tó ń ra ọkọ̀ tó ti kú ti gbọ́, ó wá ń yí ọkọ̀ náà po bí ẹni tó wá wo ìyàwó.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ kọjá ọkọ̀. Mardiyah ọmọ rẹ̀, tó ń ṣe tíṣà ní Abẹ́òkúta, ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kí ó wá jókòó ti àwọn. Ràmọ́tà sì ti ṣèlérí fún un pé lọ́jọ́ tí gíà bá kú, òun á ta ọkọ̀, òun á wá. Kì í yẹ àdéhùn.

“Ìyá Joel,” ó sọ fún mi, “n kò bẹ̀rù Abẹ́òkúta. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni kí n máa jí láàárọ̀, kí ó má sí ẹni tó ń retí mi níbì kankan.”

Èmi náà ni mo ní kí a lọ bá Bàbá Síkírù, mẹkáníìkì kan lọ́nà Ìbẹ̀fun. Bàbá náà ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó sì ní àṣà kan: kì í ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ó tó bá ọlọ́kọ̀ gbé ọkọ̀ náà jáde sójú títì. Ó bọ́ bàtà, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì lé ilẹ̀ ọkọ̀, ó di ojú. Èmi wà láàárín wọn. Iwájú píkọ́ọ̀pù náà gba èèyàn mẹ́ta, bí wọ́n bá fẹ́ràn ara wọn.

“Mẹkáníìkì tó kọ́kọ́ wò ó sọ pé…” Ràmọ́tà bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ má sọ tiẹ̀ fún mi, Àlájà. Ohun tí ẹ̀yin gbọ́ ni kí ẹ sọ.”

“Ó ń jẹ́ẹ̀kì.”

“Láàárọ̀ ni àbí lọ́sàn-án?”

“Láàárọ̀ ló pọ̀ jù. Bí ó bá gbóná, á rọ̀ díẹ̀.”

“Bí ẹ bá kó ẹrù ńkọ́?”

“Bí mo bá kó ẹrù, ó máa ń gbá mi nídìí.”

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo wo ojú fèrèsé.

Nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ó fa géèjì ọ́ìlì gíà jáde, ó nù ún sára bébà funfun. Ó ní ó yẹ kí ó pupa bí sobo. Tiwa dúdú bí omi tí wọ́n fi fọ ìdí ìkòkò, ó sì ń rùn bí ẹ̀wà tó jóná.

“Ìgbà wo lẹ pààrọ̀ ọ́ìlì yìí kẹ́yìn?”

Ràmọ́tà na ọrùn. “A kì í pààrọ̀ rẹ̀, bàbá. Wọ́n ní bí a bá jí i, gíà á kú.”

“Ta ló ní?”

“Gbogbo wọn.”

“Gbogbo wọn kò parọ́ tán,” ni Bàbá Síkírù wí. “Ẹni tí kò jẹun fún ọ̀sẹ̀ kan, bí ẹ bá gbé odindi odó iyán fún un, ṣé á yè é? Ọkọ̀ tí wọn kò pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, tí wọ́n wá fọ inú rẹ̀ mọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, òun ló ń kú. Wọ́n rí òkú, wọ́n dá ọ́ìlì tuntun lẹ́bi. Ẹ ti fọ ojú ọkọ̀ yìí fún ọdún mẹ́sàn-án, Àlájà. Inú rẹ̀ ni ẹ ò fọ̀.”

Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí ó tó ọdún mẹ́ta tí dókítà ti ní kí n padà wá wo ojú mi, n kò sì tíì lọ.

Bàbá ní kí Ràmọ́tà tẹ búréèkì, kí ó fi gíà sí iwájú, kí ó dá a sí ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì gbé ara sókè bí ẹni tó fẹ́ dìde jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé ti ya. Bàbá ní ìdajì ìjà tí à ń gbọ́, ibẹ̀ ló ti ń wá. Lẹ́yìn náà ó tú abọ́ ìsàlẹ̀ gíà, ó fi ìka nu mágínẹ́ẹ̀tì inú rẹ̀, ó na ìka náà sí wa.

“Bó bá jẹ́ irin wẹ́wẹ́ bí èékánná ni, ǹ bá ní kí ẹ pe onírin. Èyí kúnná bí tìróò. Ọjọ́ orí ni.”

Ó pààrọ̀ rọ́bà, ó fọ asẹ́ inú gíà tí ọ́ìlì ń gbà kọjá. Ìwọ̀n ọ́ìlì tó jáde ló fi tuntun rọ́pò, nǹkan bí ìdajì. Ó ní kí Ràmọ́tà máa wà á fún ọ̀sẹ̀ kan láìkó ẹrù, kí ó padà wá, kí a tún dà díẹ̀ nù, kí a tún rọ tuntun díẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

“Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láìkó ẹrù,” ni Ràmọ́tà wí. “Ṣé á yè?”

“Mi ò ní búra, Àlájà. Èmi kọ́ ni mo dá a.”

Ẹni tó ń kó ẹ̀gẹ́ tó bá pa iṣẹ́ tì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lè má bá oníbàárà kankan nílẹ̀ mọ́. Mo rò pé á dúró rò ó. Kò dúró. Lọ́jọ́ kejì ló ti gbé òfìfo ọkọ̀ lọ Ìmùṣin, ó ń ti oko dé oko, ó ń sọ fún àwọn àgbẹ̀ lójúkojú pé gíà òun ń gba ìtọ́jú. Ó tún wá bá àwa tí à ń yan gààrí. Helen, tí ahọ́n rẹ̀ mú jù nínú wa, ní, “Kí Ọlọ́run fún gíà ní àlàáfíà. Ta ni yóò wá máa kó ẹ̀gẹ́ wá fún mi?” Ràmọ́tà dárúkọ ọkùnrin kan tó ń kó ẹ̀gẹ́ dáadáa, ó sì fún un ní nọ́ńbà rẹ̀. Mo sọ fún Ràmọ́tà pé ìwà òmùgọ̀ ni. Ó ní bóyá.

Nígbà tí Bàbá dà á lẹ́ẹ̀kẹta, ọ́ìlì tó jáde ti ń pupa. A kó ẹrù kún ọkọ̀ ní Ìmùṣin, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wọ gíà kejì. Mo di ilẹ̀kùn mú. Ó bọ́ sí ìkẹta: kò ta. Ó kàn ṣe tó, bí ẹni fi ọwọ́ kan èjìká èèyàn. Bí a ti ń gun òkè tó wà lẹ́yìn odò, ó tún ṣe tó, ó le díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bàbá Síkírù ní ìyẹn kò ní í lọ mọ́.

Ràmọ́tà páàkì sí iwájú ilé mi, ó pe Mardiyah, èmi sì gbọ́ gbogbo rẹ̀.

“Gíà kò kú,” ó ní. “Ṣùgbọ́n kò di tuntun. Ó lè gbé mi di ọdún mẹ́ta, ó lè má gbé mi di oṣù mẹ́ta.”

“Mọ́mì, ẹ ṣèlérí fún mi.”

“Mo ní bí ó bá kú.”

“Ọ̀rọ̀ lọ́yà nìyẹn. Ẹ̀gẹ́ mélòó lẹ kó lónìí?”

Ràmọ́tà wò mí, bí ẹni tó fẹ́ kí n bá òun parọ́. Mo gbé ojú mi lọ síbòmíràn.

“Ó kún,” ó ní.

“Ẹ kó ìlàjì, kí ẹ sì máa padà sọ́dọ̀ bàbá yẹn lóṣooṣù. Bí ẹ bá ṣe é, mi ò ní sọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta mọ́, àfi bí ẹ̀yin bá sọ ọ́.”

“Mo gbà.”

Ìlàjì ló ń kó báyìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ń lọ níbi tí ó ti ń lọ lẹ́ẹ̀kan. Helen kò padà sọ́dọ̀ rẹ̀, àwa yòókù padà. Ẹ̀gẹ́ tèmi wà nínú ìrìn kejì, kì í dé kí oòrùn tó ga. Mo ti yí àsìkò tí mò ń dáná gààrí padà.