Ìyá Ọlọ́ṣẹ Ní Kẹ́nikẹ́ni Má Kọjá Gọ́tà

"Dúró síbẹ̀! Mo ní o ò gbọdọ̀ kọjá gọ́tà yẹn!"

Bàbá mi dúró gbagidi. Káfíńtà ni, ọkùnrin tó síngbọnlẹ̀, síbẹ̀ ìyá arúgbó tí kò ga ju èjìká rẹ̀ lọ ló ń pàṣẹ fún un lójú gbogbo àdúgbò. Ìró ìyá mi ló ká sọ́wọ́. Nínú ilé ìyá arúgbó náà, àbúrò mi ọkùnrin, tí kò tíì já lẹ́nu ọmú, ń ké tòò.

Ìyá Ọlọ́ṣẹ là ń pe ìyá náà ní Múṣín. Opó ni. Ọṣẹ dúdú ló ń sè lẹ́yìn ilé, òórùn eérú àti àdín kì í sì í kúrò lára rẹ̀, kódà lọ́jọ́ Jímọ̀ tó bá wọ aṣọ funfun. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ làwọn ìyá wa máa ń fi wá sí bí wọ́n bá ń lọ sọ́jà. Abọ́ kan náà la fi ń jẹun, a ó sì máa gbá ara wa lọ́wọ́ nítorí ẹja.

Lọ́dún tí ibà oníkọ́ gba ayé kan, wọ́n ní òkè òkun ló ti wá. Ilé tó bá wọ̀, tọmọdé tàgbà ló ń dùbúlẹ̀. Ìyá Ọlọ́ṣẹ pe àwọn ìyá wa jọ síta. Ó ní ọmọ tí ara rẹ̀ dá, tó bá wọlé òun, kò ní jáde mọ́ títí ibà yóò fi lọ. Ìyá tó bá fẹ́ rí ọmọ rẹ̀, òdìkejì gọ́tà ni kó dúró sí. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á ní igbá tirẹ̀, àjọjẹ di ọjọ́ mìíràn.

Ìyá kan tó ń ta epo gbaná jẹ. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ fẹ́ gba ọmọ wa lọ́wọ́ wa ni?"

"Mo fẹ́ dá a padà fún yín láàyè ni."

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn wá.

Kò pẹ́ sígbà yẹn tí ibà fi mú ìyá mi fúnra rẹ̀, ni wọ́n bá yára kó èmi àti àbúrò mi wọlé Ìyá Ọlọ́ṣẹ. Ìdí nìyẹn tí bàbá mi fi gbé ìró rẹ̀ wá. Gbogbo àgbà àdúgbò ló mọ̀ pé bí ọmọ bá ń sunkún ìyá, ìró ìyá la fi ń bò ó.

"Ẹ má bínú, Ìyá. Òórùn ìyá ẹ̀ ló ń wá. Ẹ bá mi fi bò ó."

"Kí ló wà lára ìyá ẹ̀ báyìí? Ṣé kì í ṣe ibà ọ̀hún ni?"

Ó fi igi gba ìró náà, ó sọ ọ́ sínú omi eérú tó ń hó. Nígbà tó gbẹ, ó fi bo àbúrò mi. Òórùn ọṣẹ nìkan lọmọ gbọ́, ló bá tì í dànù. Ó kọ ẹ̀kọ, ó kọ omi. Nígbà tó dọjọ́ kejì, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ẹkún rẹ̀ kò sì ròkè mọ́. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rò pé yóò kú. Ìyá epo ké láti ìta pé kí wọ́n fipá rọ ọ́, Ìyá Ọlọ́ṣẹ mi orí. Ó kírun tán, ó jókòó lórí ẹní, ó ń wo ọmọ náà.

Àfi bó ṣe dìde lójijì, tó jáde lọ ké sí bàbá mi.

"Ṣé ìyá ẹ̀ lè nàró?"

"Ó lè dúró díẹ̀, Ìyá."

"Mú un wá sẹ́yìn gọ́tà. Kò lè fọwọ́ kàn án, àmọ́ ó lè ki ọmọ rẹ̀."

Ìyá mi dé, ó ti rù hangogo, ó fara ti bàbá mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ rẹ̀. Ohùn rẹ̀ há, ikọ́ ń gé e, bó bá sì já, á padà síbi tó ti já. Àbúrò mi dákẹ́. Ó yí orí síta. Ìyá Ọlọ́ṣẹ rọra gbé ṣíbí ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, ó gbé e mì, ó tún yanu.

"Máa kì í lọ! Má dákẹ́ o!"

Igbá gbẹ. Àwọn tó wà lẹ́yìn gọ́tà hó yèè, ìyá epo ló sì pariwo jù.

Láti ọjọ́ yẹn, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, òdìkejì gọ́tà á kún fún ìyá, oníkálukú á máa ki ọmọ tirẹ̀. Tó bá kàn mí, orí mi á wú, inú mi á dùn débi pé mi ò ní rántí pé wọ́n há wa mọ́lé.

Nígbà tí ibà lọ, Ìyá Ọlọ́ṣẹ gbé omi àti ọṣẹ sẹ́nu gọ́tà. "Ẹ fọwọ́, ẹ fọsẹ̀, ẹ wá gba ọmọ yín. Ẹ kà wọ́n!" Gbogbo wa tá a wọlé pátá la jáde. Inú omi ọṣẹ yẹn gan-an ni ìyá mi kúnlẹ̀ sí tó ń dúpẹ́.

Mo ti darúgbó báyìí. Nígbà tí àrùn tún gba ayé kan lẹ́nu ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin mi àti obìnrin tó ń bá a tọ́jú ọmọ fẹnu kò pé àlejò kankan ò gbọdọ̀ wọlé, títí kan èmi. Inú kọ́kọ́ bí mi. Èmi ìyá àgbà! Lẹ́yìn náà ni mo rántí gọ́tà. Mo wọkọ̀ lọ sí Súrùlérè, mo dúró sábẹ́ fèrèsé wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ-ọmọ mi. Ohùn tèmi náà ti há. Orí kékeré kan yọ lókè, ṣíbí ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.